Ṣíṣí Fáìlì Àtijọ́: Iṣẹ́ Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Ni

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́ fi ọ̀rá dúdú kan ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ṣùgbọ́n ó ní kí a má dárúkọ òun, nítorí náà Màmá náà la ó máa pè é. Dísíkì mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rá yẹn, irú èyí tó ní irin pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju àwòrán kékeré tí a ń tẹ̀ láti fi fáìlì pa mọ́ lọ. Màmá ti fi bírò kọ "Òkè-Ògùn, 1996 sí 1998" sára wọn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 38 ló wà nínú wọn, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ kọ́lé. Kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ti bàjẹ́. Ìwé tó tẹ̀ jáde, ikán ti jẹ ẹ́. Àwọn àgbà náà ńkọ́? Màmá ní bóyá ẹni méjì ló kù láyé.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ mọ kọ̀ǹpútà," ni Màmá wí lórí fóònù. "Ẹ bá mi ṣí i."

A rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. A kò tíì dé ìdajì di òní.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a gbé ọ̀rá náà lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. A kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka irú dísíkì bẹ́ẹ̀ ṣì wà, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ní èyí tó ṣeé kì bọ ihò USB. Wọ́n kọ́kọ́ ti ike kékeré tó wà ní igun dísíkì kọ̀ọ̀kan kí ihò rẹ̀ lè ṣí, kí kọ̀ǹpútà má baà kọ nǹkan kan lé e lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ẹ̀dà odidi dísíkì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan fáìlì kankan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí dísíkì tó ju àwa fúnra wa lọ lọ́jọ́ orí lè gbà kí ẹ ka òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dákẹ́. Mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ìkẹrin kàn ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ni, kò fún wa ní ohunkóhun.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ wa ní, "Ó ti ṣí o!" Inú wa dùn. A tẹ̀ síwájú láti wo ojú kọ̀ǹpútà, ohun tí a rí rèé:

Ömö mi, ònà tí wôn ñ gbà po amò kõ ßõro.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ń pe èyí ní ṣíṣí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyẹn. Àwọn ènìyàn gbà pé bí fáìlì àtijọ́ bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ló yẹ ká ké sí. A kò jiyàn. Láìsí àwọn ọ̀rẹ́ wa wọ̀nyẹn, a kì bá tí rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí fáìlì náà bá jẹ́ ti Yorùbá, ibi tí iṣẹ́ tiwọn parí sí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀, tiwa yìí ló sì gùn jù. A ń sọ pé iṣẹ́ àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni. A ń sọ pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa kà á sí iṣẹ́ ìwádìí gidi, tó ní máàkì. A sì ń sọ pé ìsinsìnyí ni, nígbà tí àwọn tó tẹ àwọn fáìlì náà ṣì wà láyé tí wọ́n ṣì ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó ṣe gbólóhùn Màmá. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀: A ńlá ni 65, a kékeré ni 97. Ní ayé dísíkì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní ju àyè 256 lọ fún gbogbo àmì tí ènìyàn lè tẹ̀. Ẹ fi wé ilé ayálégbé tó ní yàrá 256. Gẹ̀ẹ́sì gba ìdajì àkọ́kọ́. Àwọn èdè Yúróòpù yòókù pín ìdajì kejì mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ö àwọn ará Jámánì wà ní yàrá 246, ß wọn wà ní 223, ñ àwọn ará Sípéènì wà ní 241. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí yàrá kankan. Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá dá ọgbọ́n. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì tiwọn, wọ́n sì ya ọ síbi tó yẹ kí ö wà. Kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ 246 sínú fáìlì, ọ ni ojú ń rí. Aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n pààrọ̀, ayálégbé kò kúrò nílé. Lọ́jọ́ tí fọ́ǹtì náà bá sọnù, tí ẹ gbé fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, aṣọ ìkélé já bọ́ nìyẹn, ará Jámánì yọjú.

Kì í ṣe pé wọ́n ṣe ohun tí kò dára. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, àti pé láìsí wọn, òfìfo ni dísíkì Màmá ì bá jẹ́. Unicode, ètò tó fẹ́ fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti jáde láti 1991. Inú rẹ̀ ni ọ ti wá di 7885, ẹ di 7865, ṣ di 7779. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé orí kọ̀ǹpútà táípíìsì ládùúgbò. Kí ó tó dé, kálukú ti ṣe fọ́ǹtì tirẹ̀. Ẹni kan fi ọ sí 246, ẹlòmíràn fi sí yàrá mìíràn. Àwọn tó ṣáájú wa ṣe ìpàdé ní 1875 nítorí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ìlànà 1974 sì wà tí à ń lò di òní. Ti fọ́ǹtì kò rí ìpàdé kankan. Nínú yàrá oníkálukú ni wọ́n ti ṣe é.

Ìyẹn ló fà á tí kò fi sí bọ́tìnnì kan tí ẹ lè tẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tò. Dísíkì kejì àti ìkẹta, tí Màmá ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan, irú fọ́ǹtì yìí ni wọ́n lò fún un, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ fọ́ǹtì náà. A tẹ ojú ìwé mẹ́ta jáde, a jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé ìkàwé, a ń tú u bí ẹni ń já àlọ́. A wá àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá: wọ́n, ọmọ, ṣe, kò. ß tó wà níwájú e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ṣ? ñ tó dá dúró láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe, ń tó jẹ́ atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ ni. Ẹ ò rí i? Gírámà ọdún kìíní tí a máa ń sùn sí kíláàsì rẹ̀ ló ṣí i. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà gbọ́n jù wá lọ dáadáa nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibí yìí, wọ́n kàn ń wò wá lẹ́nu ni.

Nígbà tí tábìlì àwọn lẹ́tà wa pé, a ṣe àṣìṣe kan. Nínú fọ́ǹtì yẹn, õ ló dúró fún ò, ò fúnra rẹ̀ ló wá dúró fún ọ̀. (Ìdí tí ẹni tó ṣe é fi ṣe bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló yé.) A ní kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo õ padà sí ò. Ó ṣe é. A tún ní kó yí gbogbo ò padà sí ọ̀. Ó tún ṣe é, ó sì kó èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe mọ́ ọn. Níbi tí bàbá kan ti ń ṣàròyé pé àwọn ọmọdé máa ń sọ òkò lu ògiri tí kò tíì gbẹ, àwọn ọmọdé wá ń sọ ọ̀kọ̀ lù ú. A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí a rí i pé gbogbo "kò" ti di "kọ̀" láti òkè délẹ̀ ni ẹ̀rín tán: gbogbo ẹni tí kò ṣe nǹkan wá di ẹni tó kọ̀. Ká ní a kọ́kọ́ yí ò padà sí ọ̀ kí a tó kan õ ni, wàhálà ì bá má sí. Fún gbogbo tábìlì náà, ó dára jù kí ọ̀rẹ́ yín kan tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ bá yín yí gbogbo lẹ́tà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kó wa yọ ni pé a kò fọwọ́ kan fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má pa fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, bí èyí tí ẹ tún ṣe bá tilẹ̀ ń dán bíi dígí.

Dísíkì kìíní ló wá yàtọ̀ pátápátá. Ní 1996, WordPerfect ni Màmá lò lórí kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, kò sì ní fọ́ǹtì Yorùbá kankan. Ohun tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ti ń ṣe ni Màmá ṣe: ó fa ìlà sábẹ́ e, o àti s. Àmì ohùn ńkọ́? Kò sí nínú fáìlì rárá. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, bírò ló fi ń fi àmì ohùn sí i, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìwé tó fi bírò sàmì sí yẹn gan-an ni ikán jẹ.

LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣí fáìlì WordPerfect wọ̀nyí láìjanpata, ìlà abẹ́ wọn sì pé síbẹ̀. Àwa la ba nǹkan jẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún wa pé fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, .txt, ni kì í dọjọ́ ogbó, a sì yí gbogbo rẹ̀ padà sí .txt lẹ́ẹ̀kan náà kí a tó wo ọ̀kan dáadáa. Òótọ́ lẹni náà sọ, ṣùgbọ́n .txt kò mọ ìlà abẹ́. Ó já gbogbo rẹ̀ dànù, kò sì sọ fún wa. Báyìí ni a ṣe bá gbólóhùn yìí pàdé, láti ẹnu bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà:

Owo ni mo fi ko ile yii.

Kí ni bàbá wí? Owó ni? Òwò ni? Ọwọ́ ni? A padà sí fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlà wà lábẹ́ o méjèèjì nínú "owo", ó sì wà lábẹ́ o tó wà nínú "ko". Owó àti òwò jáde nìyẹn. A ní ó ti parí. Ọwọ́ ni mo fi kọ́ ilé yìí: bàbá ń sọ̀rọ̀ amọ̀, ń sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, kí ló tún kù? A fi àmì ohùn sí i, a kọjá lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ kà á sókè fún Màmá, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè ka ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó dá wa dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ní ọwọ́? Ọwọ́ ọ̀tún bàbá yẹn ti rọ láti kékeré. Kò po amọ̀ rí láyé rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló wí. Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ́ ilé yìí. Gbogbo àdúgbò ló wá bá a ṣe ọ̀wẹ̀, kò ná kọ́bọ̀, nítorí irú ènìyàn tó jẹ́."

A dákẹ́. A tún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọwọ́ rírọ. Kí ni wọ́n fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún? Bàbá mọ̀ ọ́n lára, Màmá ń wò ó lójú. Nínú gbogbo ayé, ìrántí Màmá nìkan ni òótọ́ gbólóhùn yẹn kù sí, àwa sì ti fẹ́ fi ọgbọ́n orí wa bò ó mọ́lẹ̀. Gbólóhùn tí a kọ tọ̀nà ní gírámà. Ó ní ìtumọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á lẹ́yìn wa yóò gbà á gbọ́, bóyá yóò tilẹ̀ fi kọ ìwé nípa àwọn kọ́lékọ́lé tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ fún wa pé nǹkan ti rọrùn báyìí, orí wa máa ń gbóná díẹ̀. Àwọn kan ní kí a gbé e fún táípíìsì kó tún un tẹ̀. Láti inú kí ni? Àwọn kan ní kí a máa fi fóònù ya ìwé tó bá kù, kó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. A ti gbìyànjú rẹ̀ lórí iṣẹ́ àṣekágbá àtijọ́ kan: ó sọ ọ di o, ó sọ òmíràn di q, àmì ohùn wọlẹ̀. Àwọn tó wá fẹ́ràn ọgbọ́n àtọwọ́dá ní kí a fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, yóò fi àmì sí i. Lóòótọ́ ni, yóò fi sí i. Yóò ṣe ohun tí àwa náà ṣe, yóò yan èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì dùn ún gbọ́ létí, yóò sì kọjá lọ láìdúró. Kò ní Ọjọ́bọ̀ tó fẹ́ lọ sí ilé Màmá.

Ti PDF ló tún ń bí wa nínú jù. Ní ẹ̀ka wa, PDF nìkan ni wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ àṣekágbá, pẹ̀lú ìdánilójú pé kì í yí padà. Òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ kì í yí padà, nítorí ó lè gbé fọ́ǹtì sínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú PDF Yorùbá kan tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, ẹ da ìlà kan kọ láti inú rẹ̀ sórí WhatsApp. Ará Jámánì yóò tún yọjú. Ó rẹwà lójú, nínú rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí kò rí i.

Àwa náà kò mọ́ o. Nínú ohun tí à ń kọ síbí, àwọn kan nínú wa ń lo ọ tó ní tóótó nísàlẹ̀, àwọn kan ń lo o̩ tó ní ìlà kékeré nísàlẹ̀, nítorí bí kíbọọ̀dù fóònù wọn ṣe rí nìyẹn. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan jẹ́ 7885, èkejì jẹ́ 111 àti 809 tó so mọ́ ara wọn. Ẹ wá "ọ̀wẹ̀" nínú àwọn nǹkan tí a ti kọ láti ọdún méjì, ìdajì kò ní jáde. A ti ń tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan tó ń rìn wá lára ni pé a ṣì lè ka Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ẹ̀dà rẹ̀ tó kù, ojú lásán ni ẹ nílò. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ní 1843 náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ nígbà náà yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ẹ ó kà á. Iṣẹ́ Màmá ti 1996, tí a ti bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan nígbà tó ń ṣe é, òun ló wá di awo.

Nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá olùkọ́ wa kan, tí a ní kí ẹ̀ka gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin lè fi títún irú fáìlì báyìí ṣe ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ó ní iṣẹ́ akọ̀wé lèyí, kì í ṣe ìwádìí. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wa fẹ́re. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ènìyàn bá mú àfọwọ́kọ àtijọ́ kan, tó ṣe àfiwé àwọn ẹ̀dà rẹ̀, tó sọ ìdí tó fi yan ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn, ẹ ó fún un ní máàkì. Ìdí wo ni kò fi yẹ kí ẹni tó pinnu láàárín ọwọ́ àti ọ̀wọ̀, tó lọ bá ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tó kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìwé, gba tirẹ̀? Gbogbo àmì ohùn tí a fi sí dísíkì kìíní, ìpinnu ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé iṣẹ́ yìí ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Commodore ní kí Andy Warhol, gbajúmọ̀ ayàwòrán, fi kọ̀ǹpútà Amiga tuntun wọn ya àwòrán. Àwọn dísíkì rẹ̀ wà nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Pittsburgh, àwòrán inú wọn kò sì ṣeé wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon, yunifásítì tó wà ní ìlú kan náà, wà lára àwọn tó tú u, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2014. Wọ́n bá àwọn fáìlì tó ń jẹ́ campbells.pic àti marilyn1.pic níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú fáìlì tí ètò òde òní kò mọ̀ rí ni, àfi ìgbà tí wọ́n tó wádìí bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, bíi tiwa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwòrán agolo ọbẹ̀, bó bá ṣí dáadáa, ojú gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé ó ti ṣí. Ọ̀wọ̀ àti ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo fáìlì ló yẹ kí a jìyà lé lórí. Nínú dísíkì ìkẹta, a bá lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan àti iye owó ìrẹsì fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ká fi sílẹ̀. A sì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ń gba àkókò: ọ̀kan nínú wa pàdánù ìdánwò kékeré kan nítorí pé a wà nílé Màmá lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó fún un láàyè láti tún un ṣe. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kó ní máàkì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ wà. Bí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá yín bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú àpótí nílé, tó sì lè tàn, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra ayọ́kù. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń kó fọ́ǹtì sí nínú rẹ̀, C:\Windows\Fonts, kí ẹ da gbogbo ohun tó bá jọ fọ́ǹtì Yorùbá kọ sórí fláàṣì fún wa. Fáìlì fọ́ǹtì kan ṣoṣo lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáà pamọ́ fún wa, nítorí tábìlì tí à ń fi orí tú yẹn wà nínú rẹ̀ kedere. Bí fọ́ǹtì kò bá sí mọ́, ẹ fi ojú ìwé kan péré ránṣẹ́, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà náà, pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. A ó fi ọ̀kan ka èkejì. Ẹ sì bá wa bi táípíìsì yín léèrè, bí ẹ bá mọ ibi tó wà. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, a tún ń lọ sí ilé Màmá. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 11 ló kù nínú dísíkì kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìyá kan tó ń sọ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ra ilẹ̀ àti ara ògiri. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn rẹ̀ kejì tí a kò tíì fi àmì kankan sí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ kó mú bírò dání, iná kì í sábà sí ládùúgbò yẹn.